Ta ni yóò kọ̀wé nípa olórin tí kò tíì lórúkọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tí mi ò gbúròó rẹ̀ tipẹ́ pè mí lórí fóònù. Ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní ẹgbẹ́ olórin kan tó máa ń fi gìtá àti ìlù òyìnbó ṣeré ní ilé ọtí kékeré kan ní Yábàá. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo lọ wò wọ́n, àwa òǹwòran ò tó ogún, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ka ọmọ tó ń gbé ọtí mọ́ wa. Mo kọ àpilẹ̀kọ kan nípa wọn, ìwé ìròyìn orin kékeré kan sì gbé e sórí ìkànnì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wá nǹkan tẹ́ ẹ kọ nípa wa nígbà yẹn. Ọmọ mi ò gbà pé mo kọrin rí. Kò sì sí ẹlòmíì tó kọ nǹkan kan nípa wa."

Mo wá a títí. Ìkànnì yẹn ti kógbá sílé, líǹkì ò ṣí mọ́. Kọ̀ǹpútà tí mo fi kọ ọ́ ti bàjẹ́ tipẹ́. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, tí wọ́n kọ́ pé kí n máa tọ́jú ìwé, mi ò ní ẹ̀dà kan ṣoṣo!

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn orin ti ń jà gùdù lọ́kàn mi. Kì í ṣe èyí tó ń tẹ̀lé àwọn gbajúmọ̀ kiri o. Àwọn kéékèèké ni mò ń sọ, àwọn tó ń kọ̀wé nípa olórin kí owó tó dé.

Ẹ wo Pitchfork. Ọdún 1996 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ryan Schreiber, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé àwọn òbí rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Orin indie ló gbájú mọ́, ìyẹn orin àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ orin ńláńlá. Máàkì ló sọ ìkànnì náà di olókìkí: gbogbo àwo orin ló ń fún ní máàkì láti 0.0 dé 10.0. Lọ́dún 2004, wọ́n fún àwo Funeral ti ẹgbẹ́ Arcade Fire láti Kánádà ní 9.7, bẹ́ẹ̀ làwọn tí ò gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ náà rí ṣe ń wá àwo wọn kiri. Lọ́dún kan náà, wọ́n fún àwo tí Travis Morrison dá nìkan ṣe ní 0.0, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé máàkì náà ṣàkóbá fún iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ká sòótọ́, agbára yẹn pọ̀ jù. Àmọ́ àwọn olùkọ̀wé gbọ́ orin, wọ́n sì sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Lọ́dún 2015, Condé Nast, ilé iṣẹ́ tó ni Vogue, ra Pitchfork. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn: owó ti dé nìyẹn. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n ní kí Pitchfork lọ wà lábẹ́ GQ, ìwé ìròyìn oge ọkùnrin. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ dúró, títí kan olóòtú àgbà, Puja Patel. Orúkọ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ṣé ilé kan náà ni?

Ohun tó wú mi lórí nìyí: kí ọdún yẹn tó parí, díẹ̀ lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí kóra jọ, wọ́n dá Hearing Things sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ni ín, àwọn òǹkàwé ló ń sanwó ẹ̀. Kékeré ni, àmọ́ kò sí ọ̀gá kan lókè tó lè jí lówùúrọ̀ kó pa á.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Nígbà tí Odunsi, Santi, Lady Donli àtàwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ orin tá à ń pè ní alté, ọ̀pọ̀ rédíò ò kà wọ́n sí. The NATIVE, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2016, wà lára àwọn tó mú wọn ní pàtàkì. Lọ́dún 2022, àwọn kan náà bá Def Jam dá ilé iṣẹ́ orin Native Records sílẹ̀. Mi ò sọ pé ó burú. Owó gbọ́dọ̀ wá láti ibì kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà táwa òǹkàwé kì í sanwó, ibòmíì ni ìwé ìròyìn máa wá a lọ.

Ibòmíì náà sì máa ń léwu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ìkànnì kan wà tó jẹ́ pé olórin ló ń sanwó kí wọ́n tó kọ pé àwo rẹ̀ dùn. Ẹnu tó ti jẹ dọ́dọ́, báwo ló ṣe fẹ́ sọ òdodo?

Àwọn kan á ní, "Kí la fẹ́ fi aláríwísí ṣe? Ṣebí Spotify àti TikTok wà." Òótọ́ ni, wọ́n wà. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ mọ̀. Ẹ̀rọ ò lè jókòó ní Yábàá láàárín èèyàn mẹ́rìndínlógún kó wá sọ fún yín pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Kí la máa ṣe? Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, Òfin Kópíráìtì Nàìjíríà ti ọdún 2022 ní ẹni tó kọ nǹkan ló kọ́kọ́ ni ín, kò sì lè di ti ẹlòmíì pátápátá láìsí ìwé. Ẹ ka ìwé àdéhùn kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ tẹ iṣẹ́ yín sórí pépà, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Òfin Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta lọ síbẹ̀. Bí ìkànnì bá kú, pépà á ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin òǹkàwé ńkọ́? Ìwé ìròyìn kan tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ fi owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àwọn máa mọ̀ ọ́n.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ yẹn lákọ̀tun látinú ìrántí, kí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni lè rí nǹkan kà. Mo rántí orin tí wọ́n fi parí eré. Mo rántí iná tó lọ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n ṣì ń kọrin lọ nínú òkùnkùn. Àmọ́ ẹni tó ń lu ìlù lọ́jọ́ náà, mi ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.