Omi yí wa ká, ṣùgbọ́n omi mímu wọ́n

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ san ọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ abúlé Ganvié, tí a kọ́ sórí ọ̀sà Nokoué, mọ̀ pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wa ọkọ̀ kọjá lórí omi láti lọ bu omi. Omi tí ó wà lábẹ́ ilé wọn kò ṣeé mu. Èyí tí ẹ̀rọ fà láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá lọ. Irú ìṣòro kan náà ni ó dojú kọ àwọn ará Aguégués, kọ́múùnù tí omi yí ká lẹ́bàá Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo.

Bí a bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tún ètò omi ìlú kékeré kan ṣe, a lè rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti símẹ́ńtì lásán ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ irà, níbi tí omi ti ń wá lọ́dọọdún tí ó sì tún ń padà, iṣẹ́ tí a kò bá rò dáadáa lè bàjẹ́ kí ó tó pẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí àwa tí a ó mu omi náà mọ ohun tí a ń béèrè.

Ilẹ̀ tí a ń gbé

Àjàṣẹ́ dúró lórí òkè pẹrẹsẹ tí ilẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ọ̀sà sì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2013, ènìyàn 264,320 ni a kà níbẹ̀. Ní Aguégués, a ka 44,562. Odò Ouémé ni ó so gbogbo wa pọ̀. Odò náà gùn tó kìlómítà 510. Apá àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ó ti ń ṣàn bọ̀, kí ó tó tàn káàkiri sínú irà, sínú ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́.

Èyí ni ó fà á tí omi fi lè bò wá mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò kò rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òjò tí ó rọ̀ ní àríwá ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Àwọn baba wa mọ ìwà odò yìí. Wọ́n mọ̀ pé ẹrẹ̀ tí ó ń gbé wá ń mú ilẹ̀ oko lọ́ràá, wọ́n sì ń gbin nǹkan bí omi bá ti fà sẹ́yìn. Wọ́n gbẹ́ kòtò tí ẹja ń sá sí nígbà tí omi bá ń gbẹ. Àkúnya kì í ṣe ọ̀tá ní gbogbo ìgbà.

Ṣùgbọ́n ó ní ọdún tí ó ń kọjá àlà. Ní ọdún 2010, kọ́múùnù 55 nínú 77 tí ó wà ní Bẹ̀nẹ̀ ni omi yọ lẹ́nu, àwọn ènìyàn tí ó kàn sì tó nǹkan bí 680,000. Ilé wó, oko bàjẹ́, kànga sì kún fún ìdọ̀tí.

Ohun tí àkúnya ń ṣe sí kànga

Omi wà lábẹ́ ilẹ̀ bí ó ti wà lójú ilẹ̀. Lórí òkè, ó jìn sílẹ̀. Kí omi òjò tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò gba inú iyanrìn àti amọ̀ kọjá, wọn yóò sì sẹ́ ẹ bí ìgbà tí a fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ní ilẹ̀ irà, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn rárá. Bí odò bá kún, òun náà á gòkè, á sì bá ohun tí ó wà nínú ṣáláńgá pàdé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń sọ pé kí kànga jìnnà sí ilé ìgbẹ́ tó mítà 15 ó kéré tán. Ìmọ̀ràn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá bo kànga àti ilé ìgbẹ́ papọ̀, mítà 15 náà kò ní ìtumọ̀ mọ́. Láti ibẹ̀ ni onígbáméjì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe omi dúdú nìkan ni ó ń pani. Ní ọdún 1854, onígbáméjì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé, ó sì rí i pé kànga kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú ti ń bu omi. Omi náà mọ́ lójú. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé kòtò ìgbẹ́ kan wà nítòsí kànga náà, tí ó ń jò sínú rẹ̀. Ojú nìkan kò tó láti fi mọ omi tí ó dára.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀

Ewu kejì ni iyọ̀. Ní ọdún 1885, nígbà ìjọba àwọn Faransé, wọ́n la ọ̀nà omi ní Kútọ̀nú láti so ọ̀sà Nokoué pọ̀ mọ́ òkun. Láti ìgbà náà, bí odò Ouémé bá fà, omi òkun á wọlé, ọ̀sà á sì di oníyọ̀. Bí odò bá kún, iyọ̀ náà á padà sẹ́yìn.

Omi tí ìlú Kútọ̀nú ń mu wá láti inú àwọn kànga jíjìn tí ó wà ní Godomey, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ọ̀sà náà. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé bí a bá ń fa omi jù, iyọ̀ lè máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ bọ̀ níbi àwọn kànga náà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ìlú kékeré tí ó wà létí ọ̀sà. A kò gbọdọ̀ rò pé bí ẹ̀rọ bá ṣe lágbára tó ni omi yóò ṣe dára tó. Kànga tí iyọ̀ bá wọ̀ kì í tètè padà sípò.

Kí ni àtúnṣe gidi?

Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni kí a gbẹ́ kànga jíjìn nínú irà fúnra rẹ̀. Èkejì ni kí a gbẹ́ ẹ lórí òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ń sẹ́ omi dáadáa, kí a sì fi ọ̀pá gbé omi sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà kejì lè gba owó púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ìdọ̀tí àti iyọ̀. Èyí ó wù kí a yàn, ohun mẹ́rin wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Èkíní: ẹnu kànga, ẹ̀rọ àti àpótí iná mànàmáná gbọ́dọ̀ ga ju ibi tí omi tíì dé rí lọ. Kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó fi àmì sílẹ̀, kí ó bi àwọn àgbà abúlé léèrè ibi tí omi dé ní ọdún 2010. Ìmọ̀ náà kò sí nínú ìwé nìkan.

Èkejì: ọ̀pá omi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí iyọ̀ kò lè jẹ. Irin a máa dógùn-ún kíákíá nínú irà.

Ẹ̀kẹta: omi kò gbọdọ̀ máa dá nínú ọ̀pá. Bí omi bá kún inú ọ̀pá, tí ó sì ń tì, ibi tí ó là yóò máa jò síta. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tí ọ̀pá sì ṣófo, ibi kan náà ni yóò fa omi ẹlẹ́gbin wọlé. Nítorí èyí ni àgbá omi ńlá orí òpó fi ṣe pàtàkì, kí omi lè máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin: kí a máa fi oògùn apakòkòrò sí omi, irú èyí tí ó wà nínú Javel tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ní ìwọ̀n tí ó tọ́. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí ó máa wọ̀n ọ́n, kí ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò títí dé ẹnu ẹ̀rọ.

Ìṣirò tí àwa náà lè ṣe

Ní Bẹ̀nẹ̀, SONEB ni ó ń bójú tó omi àwọn ìlú ńlá. Ní ọdún 2017, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún omi ìgbèríko, tí a ń pè ní ANAEPMR. Òun ni ó ń kọ́ ètò omi ńlá tí abúlé púpọ̀ ń pín lò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó dára jù lọ yóò kú bí owó àtúnṣe kò bá sí. Níhìn-ín ni ìwé kíkà àti ìṣirò tí ẹ ti kọ́ ti wúlò.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé bídọ̀n lítà 20 jẹ́ fránkì 10. Mítà onígun mẹ́ta kan jẹ́ lítà 1,000, ìyẹn bídọ̀n 50. Nítorí náà, owó rẹ̀ jẹ́ fránkì 500. Bí òǹkà ẹnu ẹ̀rọ bá sọ pé mítà onígun mẹ́ta 30 ni a tà lóṣù yìí, owó tí ó yẹ kí ó wà nínú àpótí jẹ́ fránkì 15,000.

Nísinsìnyí, ẹ wo òǹkà tí ó wà níbi kànga. Bí ó bá sọ pé 40 ni ó jáde, tí èyí tí a tà sì jẹ́ 30, níbo ni 10 lọ? Bóyá ọ̀pá kan ń jò nínú irà níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Bóyá ẹnìkan ń fà á lọ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó lè ka òǹkà méjì tí ó sì lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì ti lè béèrè ìbéèrè yẹn ní ìpàdé, láìbú ẹnikẹ́ni.

Kí a sì ránti àwọn tí kò lówó. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 20 lóòjọ́ nílò bídọ̀n mẹ́fà. Ní fránkì 10, ó jẹ́ fránkì 60 lójúmọ́, fránkì 1,800 lóṣù. Bí owó náà bá ga ju agbára wọn lọ, odò ni wọn yóò padà sí, nítorí odò kì í gba owó. Àìsàn ni wọn yóò fi san án.

Irà pẹ̀lú jẹ́ ohun ìní

Ní ọdún 2000, a fi ìsàlẹ̀ odò Ouémé, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ọ̀sà Nokoué sínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ irà tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Ramsar, ní Ìráànì, ní ọdún 1971. Irà dà bí kànìnkànìn. Ó ń fa omi púpọ̀ mu nígbà àkúnya, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá da ìdọ̀tí sínú Zounvi tàbí Donoukin láàárín ìlú Àjàṣẹ́, tí a sì fi iyanrìn dí ibi tí omi ń gbà kọjá, ilé wa ni omi yóò gbà.

Òfin 2010-44, tí ó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2010, ni ó sọ bí a ó ṣe máa ṣàkóso omi ní Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé omi mímu tí ó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ̀tọ́ náà kì í sì í dá rìn. Bí wọ́n bá pe ìpàdé omi ní àdúgbò yín, ẹ lọ. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga sí, bí ó ti ga tó, ẹni tí yóò máa yẹ omi wò, àti ibi tí wọn yóò máa kọ owó sí. Kí ẹ sì ka ìwé náà fúnra yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù.