Ọjọ́ Mẹ́rin ní Hòtẹ́ẹ̀lì Àtijọ́ Létí Òkun

  Àwọn kan ń bi wá léèrè bí ìrìn àjò etí òkun yẹn ṣe rí gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn tó lọ kò bára mu. Ìyá kan ní òun ò tún ní dé ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ọmọ rẹ̀ ní ká padà lọ lọ́la. Àwa tí a ṣètò rẹ̀ ló yẹ kó ròyìn, a ò sì ní fi nǹkan kan pamọ́.

Ìgbà ooru ọdún 2023 ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo Deutschlandticket ní 49 euro lóṣù, èyí tí èèyàn lè fi wọ gbogbo rélùwéè tí kì í ṣe ti asáré, láti igun Jámánì kan dé ìkejì. Àwọn òbí tó máa ń sọ pé owó ọkọ̀ ló ń dá àwọn dúró, àwáwí tán lẹ́nu wọn. A wò ó pé Rostock ló rọrùn jù láti pàdé: ará Berlin á wọ RE5, ará Hamburg á wọ RE1, kálukú á dé ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kì í san nǹkan kan. Ti àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, a dáwó sí i.

Ibi tí a máa sùn ló wá di wàhálà. Ìdílé mẹ́sàn-án ni wá. Ní àwọn ilé tó dára, owó yàrá kan fún òru kan tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nílé ọlọ́mọ mẹ́ta. Níkẹyìn a rí hòtẹ́ẹ̀lì kan tí owó rẹ̀ kò pọ̀, lódìkejì odò Warnow, kò jìnnà sí Warnemünde. Fọ́tò rẹ̀ dára gan-an ni. Ká sòótọ́, ẹni tó ya fọ́tò yẹn á ti fẹ̀yìn tì báyìí.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló fẹ́ dá wa dúró o. Ní ìpàdé tí a ti fẹ́ fẹnu kò, màmá àgbà kan láàárín wa dìde. "Rostock kẹ̀? Ẹ máa lọ o. Èmi ò lọ."

Àwa àgbà mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀yin ọmọ lè má mọ̀ ọ́n. Ní Lichtenhagen, àdúgbò kan ní Rostock, ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, èrò kóra jọ síwájú ilé gogoro kan tí wọ́n ṣe àwòrán òdòdó Sonnenblume sí lára. Ibẹ̀ ni àwọn tó wá tọrọ ààbò wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Roma láti Romania. Ibẹ̀ náà ni àwọn ará Vietnam ń gbé, àwọn tí ìjọba ìlà oòrùn Jámánì àtijọ́ mú wá ṣiṣẹ́. Fún ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń sọ òkò àti ìgò epo tí wọ́n tiná bọ̀, àwọn tó ń wòran sì ń pàtẹ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ 24, ọlọ́pàá kúrò níbẹ̀, ilé gbiná. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ará Vietnam tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Orí òrùlé ni wọ́n gbà sá lọ sí ilé kejì. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni kò kú.

Màmá wa ti wà ní Berlin nígbà yẹn. Ó ní lọ́dún náà, bó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, òun kì í wọ S-Bahn lọ sí apá ìlà oòrùn. Bàbá kan dá a lóhùn pé ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, pé àwọn tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń bímọ. Màmá ní, "Ojú àpá kì í jọ ojú ara." Ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Ó ní òun ń lọ láti máa ṣọ́ ọ ni, òun kò lọ ṣe fàájì.

Láti Kottbusser Tor a wọ U8 dé Gesundbrunnen, a wọ RE5 níbẹ̀. Àwọn ará Hamburg ti ń dúró dè wá ní Rostock, wọ́n ti jẹ ìdajì mọ́ínmọ́ín tó yẹ kó jẹ́ ti gbogbo wa. S-Bahn tó ń lọ sí Warnemünde máa ń dúró ní Lichtenhagen. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ yẹn nínú ọkọ̀, gbogbo àgbà panu mọ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan béèrè pé, "Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" Bàbá rẹ̀ sọ ìtàn náà fún un ní ìwọ̀nba. Ọmọ ní, "Ta ló wá pa iná yẹn?" Bàbá ní àwọn panápaná wá, ṣùgbọ́n èrò ò jẹ́ kí wọ́n kọjá, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Ọmọ náà wo fèrèsé títí a fi sọ̀.

Ó wá ku hòtẹ́ẹ̀lì. Háà! Kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ aláwọ̀ búráùn, tẹlifóònù rẹ̀ olókùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so mọ́ igi tó tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Èèyàn mẹ́ta ni lífìtì ń gbé, bí ọ̀kan bá sì sanra, méjì. Àárín bẹ́ẹ̀dì là sí méjì, ọmọ kan já síbẹ̀ lóru, a wá a títí. Fèrèsé ìdílé kan kò pa dé, afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ wọn di òwúrọ̀. A lọ bá wọn níwájú, a fa ọ̀rọ̀ náà gan-an, wọ́n fún wọn ní yàrá mìíràn, wọ́n sì dá owó òru kan padà. Ẹ má tijú láti béèrè o, owó yín ni.

Ìyá àgbà kan tó ń gbé oúnjẹ àárọ̀ ló sọ ìtàn ilé náà fún wa. Ilé ìsinmi FDGB ni tẹ́lẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlà oòrùn Jámánì. Láyé ìgbà yẹn, ibi iṣẹ́ ló ń pín ààyè fún òṣìṣẹ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń san, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yan ibi tó wù wọ́n. Kò gbàgbé láti sọ èyí tí kò dùn: ní oṣù kejì ọdún 1953, ìjọba rán ọlọ́pàá sí etí òkun yẹn, wọ́n gba hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé àlejò tó lé ní 400 lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, wọ́n ti ọ̀pọ̀ mọ́lé. Aktion Rose ni wọ́n ń pè é. Ìyá yìí náà ló ń fún wa lómi gbígbóná, nítorí pé wọn ò gba kẹ́tùrù láyè nínú yàrá. Ó rí wa tí a ń ro ẹ̀bà, ó bi wá bóyá Grieß ni. Màmá wa bu díẹ̀ fún un, ó sì jẹ ẹ́ tán. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń jókòó pọ̀. A ò mọ èdè tí wọ́n ń sọ.

Òkun ibẹ̀ kò jọ tiwa. Ẹni tó bá mọ Bar Beach l'Ékòó, kí wọ́n tó kó iyanrìn dí i fún Eko Atlantic, mọ bí ìgbì ṣe ń fa èèyàn. Ti ibí rọra, iyọ̀ rẹ̀ kéré, nítorí pé odò púpọ̀ ló ń ṣàn sínú rẹ̀, tí ọ̀nà tó gbà já sí òkun ńlá sì há. Síbẹ̀ ó ń pani. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ àwọn àsíá: pupa pẹ̀lú yẹ́lò, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ omi, tí yẹ́lò bá tún wà níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé, tí pupa nìkan bá wà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé. A ka àwọn ọmọ wa: nínú mẹ́rìnlá, márùn-ún ló ní Seepferdchen. Seepferdchen yẹn, mítà 25 péré ni, kò tíì sọ ọmọ di òmùwẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju fèrèsé lọ.

Àga agbọ̀n tí wọ́n ń pè ní Strandkorb, Rostock ló ti wá. Ní 1882, obìnrin kan tí làkúrègbé ń bá jà ní kí ahunṣẹ́-agbọ̀n Wilhelm Bartelmann ṣe àga tí afẹ́fẹ́ kò ní lè fẹ́ òun nínú rẹ̀. Màmá wa, tí orúnkún ń dùn òun náà, kò kúrò nínú tiwa. Ìgbà kan ṣoṣo ló dìde, nígbà tí àwọn ọmọ rìn dé apá FKK láìmọ̀, tí wọ́n sáré padà tí wọ́n ń pariwo pé àwọn àgbàlagbà wà níhòòhò. Ó ní, "Ẹ yíjú síbí! Ẹ máa wo omi!"

Nígbà tí a ń padà, Màmá ní ká sọ̀ ní Lichtenhagen. A sọ̀. Ó dúró wo ilé olódòdó náà àti ọ̀wọ̀n ìrántí tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀ ní 2017. Kò sọ nǹkan kan. Ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e ni a wọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ nígbà tó ń bọ̀, kó mú aṣọ òtútù, gàrí, àti owó ẹyọ fún Kurtaxe, wọ́n ń gbà á. Kí òbí tètè fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìwẹ̀, ẹni tó ń dúró dè é pọ̀. Màmá ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ń pa dé ló ní òun fẹ́.