Àtọ̀gbẹ Oríṣi Kejì: Bí Họ́mónù Ṣe Ń Darí Ṣúgà àti Sísanra

Ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti àwọn ará ilé wọn

“Mi ò fi ẹnu kan nǹkan kan láti alẹ́ àná, kí ló wá dé tí ṣúgà mi fi ga láàárọ̀ yìí?” Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń béèrè bẹ́ẹ̀ ní kílíníìkì. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Oúnjẹ nìkan kọ́ ló ń gbé ṣúgà sókè. Àwọn họ́mónù, ìyẹn àwọn èròjà tí ara ń ṣe, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri, náà lọ́wọ́ sí i.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe

• *Ínsúlíìnì:* Òun ló ń mú kí iṣan àti ọ̀rá gba ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ara kì í gbọ́ tirẹ̀ dáadáa mọ́, èyí tí ara ń ṣe kì í sì í tó.

• *Glúkágọ̀nù:* Ó ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó tú ṣúgà tó fi pamọ́ jáde. Tẹ́ni tó ní àtọ̀gbẹ bá jẹun tán, kì í sábà rọlẹ̀ bó ṣe yẹ.

• *Kọ́tísọ́ọ̀lù:* Ìdààmú ọkàn, àìsàn àti àìsùn ń mú un pọ̀ sí i. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta òru títí di aago mẹ́jọ àárọ̀, ó máa ń lọ sókè láti múra ara sílẹ̀ fún jíjí. Ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà jáde, ínsúlíìnì ò sì ní ká a. Ohun tó sábà ń gbé ṣúgà àárọ̀ sókè nìyẹn.

• *GLP-1:* Ìfun ló ń ṣe é tá a bá jẹun. Ó ń ran ínsúlíìnì lọ́wọ́, ó sì ń jẹ́ ká mọ̀ pé a ti yó.

Ọ̀rọ̀ sísanra

Ọ̀rá tó bá pọ̀ níkùn àti lára ẹ̀dọ̀ kì í jẹ́ kí ara gbọ́ ti ínsúlíìnì. Bí ínsúlíìnì bá sì pọ̀ lẹ́jẹ̀, ara á túbọ̀ máa tọ́jú ọ̀rá. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ́ẹ́rẹ́: ẹni tó wọn kílò 90, tó bá dín kílò 5 sí 9 kù, ṣúgà rẹ̀ á sábà rọlẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì àti oògùn oníhóró tó ń jẹ́ glibenclamide lè mú èèyàn sanra; metformin kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn àfisanra

Dexamethasone àti prednisolone táwọn kan ń rà ní kẹ́mísì kí wọ́n lè sanra ń ṣiṣẹ́ bíi kọ́tísọ́ọ̀lù. Wọ́n ń gbé ṣúgà sókè gan-an. Tó bá jẹ́ dókítà ló kọ ọ́ fún yín, ẹ má já a lójijì. Ẹ rán an létí pé ẹ ní àtọ̀gbẹ.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe

• Ẹ rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ ń gba ṣúgà.
• Ẹ dín òkèlè kù, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà kún un.
• Ẹ sùn tó wákàtí 7 lóru.
• Ẹ wọn ṣúgà kẹ́ ẹ tó sùn àti nígbà tẹ́ ẹ bá jí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un wá. Òun la máa fi mọ oògùn tó yẹ ká yí padà.

Ìgbà tó jẹ́ pàjáwìrì

Bí ṣúgà bá kéré sí 70 mg/dL, tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn sì ń bò yín, ẹ po ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin mu, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bó bá ju 300 lọ, tẹ́ ẹ sì ń bì, ẹ tètè wá sí ilé ìwòsàn.