Àìrí Oorun Sùn

Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa jẹ obì láti fi lé oorun lọ. Oorun a sì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá pa ìwé dé tí ó ń pè é, kì í dáhùn. Kaféènì inú obì ni ó fa èyí. Lẹ́yìn wákàtí 5, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Àníyàn àti ooru yàrá a sì tún dá kún un. Àdánù ńlá ni, nítorí nínú oorun ni ọpọlọ ti í to ẹ̀kọ́ sí ààyè rẹ̀. Kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ fi obì mọ sí òwúrọ̀. Bí oorun bá sì kọ̀, kí ó dìde jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi kùn ún.