Àkọsílẹ̀ Aláìsàn: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Rí I?

Aláìsàn tí wọ́n bá gbé láti ilé-ìwòsàn ìjọba ní Àgbádárìgì lọ sí Ìdí-Àràbà, lẹ́tà dókítà ni ó sábà máa ń mú dání; fáìlì rẹ̀ a kù sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà lè mú kí àkọsílẹ̀ náà ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Kí ni ó wá dé tí àwọn dókítà kan fi ń fà sẹ́yìn?

Kì í ṣe agídí lásán. Wọ́n ti búra láti pa àṣírí aláìsàn mọ́, fáìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ìlú tí akọ̀wé ilé-ìwòsàn lè jẹ́ àna aláìsàn, èsì àyẹ̀wò HIV tí ó bọ́ sí ojú tí kò yẹ lè tú ilé ká.

Síbẹ̀, òfin kò di dókítà lọ́wọ́ tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Abala 26 Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 pe àkọsílẹ̀ náà ní àṣírí. Abala 27 sì gbà kí ó fi han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ bá béèrè fún un, tí ó sì ṣe aláìsàn láǹfààní. Bí aláìsàn bá ré ẹnubodè Seme kọjá lọ sí Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà: Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 fẹ́ kí ààbò tí ó péye wà níbi tí àkọsílẹ̀ ń lọ, bí kò bá sí, àṣẹ aláìsàn fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ó lè ṣí ọ̀nà.

Ohun tí ó yẹ kí àwọn dókítà kọ́kọ́ béèrè ni kọ̀ǹpútà tí ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ṣí àkọsílẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí ó ṣí i. Fáìlì orí pẹpẹ kò ṣe irú rẹ̀ rí.