Òkun Atlantic àti Òjò Kúdẹtì

Bí a bá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí òkun, àwọn kan nínú wa lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ àti apẹja ni, kò kan àwa tí ń gbé ẹ̀bá odò Kúdẹtì ní Ìbàdàn, níbi tí òkun ti jìnnà sí wa tó nǹkan bí 80 máìlì. Ṣùgbọ́n láti inú òkun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi tí ń ṣàn nínú Kúdẹtì ti gòkè wá. Ní ọjọ́ 31 oṣù August 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó wó ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù August 2011, ìkún-omi mìíràn tún dé bá ìlú yìí, àwọn tí ó kú sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé inú oṣù August ni méjèèjì, oṣù tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé òjò ń sinmi. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀ nípa òkun tí ń rán òjò náà sí wa.

Bí a bá gbé òkúta kan àti ìkòkò omi kan sínú oòrùn, òkúta yóò tètè gbóná, omi yóò sì pẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilẹ̀ àti òkun rí. Nígbà tí oòrùn bá mú ilẹ̀ Hausa àti aṣálẹ̀ Sàhárà gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a fúyẹ́, a sì gòkè lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó kún fún ọ̀rinrin a sì ti ojú òkun wá láti gba ipò rẹ̀. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ẹ̀fúùfù yìí ti ń fẹ́, òun ni ó sì ń ru òjò wa. Èkejì rẹ̀ ni ọ̀yẹ́, tí ń ti aṣálẹ̀ wá, tí ń la ètè. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sí ojú kan: ní oṣù January a máa wà nítòsí etíkun wa, ní oṣù August a ti wọ inú aṣálẹ̀ lọ. Kì í ṣe ojú ìpàdé náà gan-an ni òjò ti ń pọ̀ jù, nítorí pé ẹ̀fúùfù òkun fẹ́lẹ́ níbẹ̀ bí etí ọ̀bẹ. Ìhà gúúsù rẹ̀, níbi tí ẹ̀fúùfù náà ti nípọn, ni òjò ti ń rọ̀.

Kí ni ó wá ń dá òjò dúró nínú August? Ìdí kan ni pé ojú ìpàdé náà ti lọ jìnnà sí àríwá. Ìdí kejì wà nínú òkun fúnra rẹ̀. Láti oṣù July títí dé September, omi tútù a máa ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè wá sí ojú, ní ẹ̀bá ìlà agbedeméjì ayé àti ní etíkun Ghana àti Ivory Coast. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba orí omi tútù kọjá kì í lè gòkè dáradára láti di òjò ńlá. Ṣùgbọ́n òkun kì í tutù bákan náà lọ́dọọdún. Ní ọdún tí omi rẹ̀ bá gbóná ju ìṣe rẹ̀ lọ, òjò a máa pọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa, àwọn ará Sahel a sì máa wá òjò tì. Ẹni tí ó bá fi orúkọ oṣù nìkan ka òjò kò ka òkun mọ́ ọn.

Ọmọ tí ó bá ní làákàyè yóò bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè pé: bí òjò bá ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, èéṣe tí ìjì àkọ́rọ̀ fi ń ṣú láti ìlà-oòrùn? Ìbéèrè rere ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ṣòro. Ẹ̀fúùfù méjì ni ó wà lórí ara wọn. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ń ti òkun bọ̀, ó ń gbé omi. Èyí tí ó wà lókè, ní nǹkan bí máìlì méjì sí ilẹ̀, ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ti ìsàlẹ̀ ni ó ń bọ́ ìjì, ti òkè ni ó ń darí rẹ̀. Àwọn atukọ̀ àtijọ́ mọ ìjì wọ̀nyí dáradára, wọn a sì tètè ká ìgbòkun bí wọ́n bá rí àwọsánmà dúdú tí ó tẹ̀ bí ọrun lójú ọ̀run.

Ìdàrú afẹ́fẹ́ tí ó ń ti ìlà-oòrùn rìn bẹ́ẹ̀ a máa kọjá Senegal bọ́ sí ojú òkun. Bí ó bá bá omi tí ó gbóná tó ìwọ̀n 26 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì tú u ká, ó lè di ìjì ayíbírí tí a ń pè ní hurricane. Ní oṣù September 1989 ni ọ̀kan kúrò ní etíkun Áfríkà. A sọ ọ́ ní Hugo. Ó ba Guadeloupe àti Puerto Rico jẹ́, ó sì kọlu Charleston ní Amẹ́ríkà. Èéṣe tí irú rẹ̀ kì í jà ní Èkó? Yíyí ayé ni ó ń mú ìjì náà yí, agbára yíyí náà kò sì tó nǹkan nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí òkun tiwa wà.

Kí a má sì rò nítorí èyí pé òkun Èkó jẹ́ pẹ̀lẹ́. Ìgbì tí ń fọ́ sí etíkun wa lè ti ọ̀nà jíjìn wá, láti ọ̀dọ̀ ìjì tí ń jà ní ìpẹ̀kun gúúsù Atlantic, a sì máa rìn fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dé. July àti August ni ìgbà òtútù wọn lọ́hùn-ún. Ọjọ́ lè mọ́ ní Èkó láìsí ẹ̀fúùfù, kí ìgbì sì ga. Nínú oṣù August 2012 ni omi òkun ya bo Kuramo, tí ó sì gba ẹ̀mí. Ẹnu odò Èkó pàápàá, níbi tí iyanrìn àti ìgbì ti pàdé, jẹ́ ibi ẹ̀rù fún ọkọ̀ títí di ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri sínú òkun ní 1908. Ọ̀nà òkun Èkó yìí ni David àti Anna Hinderer gbà ní 1853 kí wọ́n tó dé Kúdẹtì wa yìí.

Ó kù kí a sọ bí a ti ń mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ní 1859 ọkọ̀ Royal Charter fọ́ nínú ìjì ní etíkun Wales, ènìyàn tí ó lé ní irinwó sì ṣègbé. Èyí ni ó mú kí FitzRoy, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Beagle, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà kìlọ̀ ìjì fún àwọn èbúté ní 1861. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe ìsọtẹ́lẹ̀ wòlíì ni òun ń sọ. Ó dùn wá pé ọ̀rọ̀ kan náà, àsọtẹ́lẹ̀, ni a ń lò fún méjèèjì ní èdè wa, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ a máa retí kí ó ṣẹ gẹ́lẹ́, bí kò bá sì ṣẹ lẹ́ẹ̀kan, a pè é ní irọ́. Ìṣírò ojú ọjọ́ ni ìbá dára kí a máa pè é.

Láti 1977 ni ẹ̀rọ Meteosat ti ń wo òkun wa láti òkè, ní nǹkan bí 22,000 máìlì, gan-an lókè Gulf of Guinea. Láti 1997 sì ni Brazil, France àti Amẹ́ríkà ti ń fi ìdákọ̀ró so àwọn ohun léféefèé mọ́ ojú òkun Atlantic, tí ń wọn ooru omi àti ẹ̀fúùfù. France ni ó ń kéde fún àwọn ọkọ̀ tí ń rìn ní apá òkun yìí. Ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Miami ń ṣọ́ ìhà ìwọ̀-oòrùn. Nílé níbí, NiMet, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2003, ń wo ooru òkun kí ó tó kéde bí òjò ọdún yóò ti rí.

Ìkéde wọ̀nyí lè sọ pé òjò ńlá ń bọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lọ́la. Wọn kò lè sọ odò tí yóò kún. Kúdẹtì kò gùn, orí páànù àti ojú títì sì ni ó ń gba omi rẹ̀, nítorí náà a máa kún kí ènìyàn tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjì tí ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ a máa rìn tó 30 máìlì ní wákàtí kan. Bí olùkọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ bá fi tẹlifóònù sọ fún wa pé ìjì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, a ní nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ láti rí i pé àwọn ọmọ tí ń gba odò kọjá ti dé ilé, tàbí kí a dá wọn dúró sínú kíláàsì títí omi yóò fi fà.