Omi Òjò Dídì: Ọ̀tá Apẹja, Ọ̀rẹ́ Ẹja

Tibi-tire la dá ilé ayé. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń hàn lọ́dọọdún ní etí odò Yellowstone, tó ń ṣàn láti orí àwọn òkè Rocky wọ ìpínlẹ̀ Montana ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ní ìgbà òtútù, òjò dídì a máa bo àwọn òkè wọ̀nyí bí òwú. Bí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní oṣù Karùn-ún, a yọ́, a sì ya wọ inú odò. Omi tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ a kún àkúnya, a di ẹlẹ́rẹ̀, a sì máa gbé igi lọ.

Ìgbà yìí ló ń dán àwọn tó ń pa ẹja trout wò. Ìjẹ wọn kì í ṣe ekòló, bí kò ṣe ìwọ̀ kékeré tí a fi ìyẹ́ àti òwú wé títí tó fi jọ kòkòrò. Nínú omi ẹlẹ́rẹ̀, ẹja kò lè rí i láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n apẹja mọ̀ pé ẹja pàápàá ń sá fún agbára omi, pé ẹ̀yìn òkúta àti ẹ̀bá odò ló ń fara pamọ́ sí. Nítorí náà, kì í wọ agbami. Etí bèbè ni í dúró sí, a so ìjẹ ńlá tó dúdú mọ́ okùn, a sì jẹ́ kí ó rì. Ẹni tí irú omi tútù bẹ́ẹ̀ bá gbé, kì í pẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kú tipiri.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2022, òjò ńlá rọ̀ lé òjò dídì tó ń yọ́ lórí. Odò náà wó ojú ọ̀nà, ó sì gbé ilé lọ.

Síbẹ̀, bí òjò dídì bá kéré, ìyà ẹja dé. Omi tútù ló ní atẹ́gùn tó tó fún trout láti mí. Bí omi bá gbóná kọjá ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, odò náà fà, ó sì gbóná. Àrùn kan kọlu ẹja, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú, pàápàá whitefish tí í ṣe ìbátan trout. Ìjọba Montana ti odò náà ní ìwọ̀n máìlì 183, owó sì dá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi odò jẹun.

Láti nǹkan bí ọdún 1950 ni òjò dídì orí òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti ń dín kù, tó sì ń tètè yọ́. Kí apẹja tó ń kùn sí omi ẹlẹ́rẹ̀ lóṣù Karùn-ún rántí èyí: omi tó dí i lọ́wọ́ lónìí ni yóò dá ẹja rẹ̀ sí nígbà ooru.